Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Èrò Yín Lórí Ìwé Ìtàn Àròsọ Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kà Tán

"Ó dùn gan-an." "Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ mí lára." "Òǹkọ̀wé yẹn mọ ìwé kọ." Irú ọ̀rọ̀ yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìwé dé. Òótọ́ ló ń sọ nípa bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìwé náà. Kò mọ̀ bóyá ìtàn ìfẹ́ ni tàbí ìtàn ọ̀daràn, kò mọ ohun tó dùn nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ohun tó dùn mọ́ ẹlòmíràn yẹn gan-an ni yóò sú òun.

Mo fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Ó máa ń dùn mí tí òǹkàwé tó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko jókòó ti ìtàn kan bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré pa á tì, nítorí mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú gbogbo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ yín fún: èrò yòówù tí ẹ bá ní nípa ìwé, ẹ wá ojú ìwé tó bí i. Bí ẹ bá rí ojú ìwé náà, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ yóò wá fúnra rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, a jẹ́ pé èrò náà ṣì ku díẹ̀ káàtó.

Lọ́jọ́ tí ẹ kà á tán

Ẹ kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó sùn. Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ ará Jámánì kan, há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò léraléra láti mọ iye tó kù nínú wọn. Ìwé tó tẹ̀ jáde lórí iṣẹ́ yìí ní 1885 fi hàn pé ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ènìyàn ń yára gbàgbé jù, lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé wá ń falẹ̀. Ìtàn yàtọ̀ sí sílébù lásán, nítorí pé nǹkan kan so ó pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ lórí ẹni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ: orúkọ ẹ̀gbọ́n olú ẹ̀dá ìtàn, ohun tí ìyá sọ lẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde, ẹni tó kọ́kọ́ rí lẹ́tà náà. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí gan-an ni ẹ máa nílò lọ́la.

Kò ní kí ẹ kọ àròkọ. Ohun tí mo máa ń kọ rèé: orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn tó ṣe pàtàkì àti bí wọ́n ṣe bá ara wọn tan, ibi tí mo ti gbé ìwé kalẹ̀ tí kò wù mí láti tún gbé e, ibi tí oorun ti ń kùn mí tí n kò sì lè pa á dé, gbólóhùn kan tó ṣì ń dún létí mi, àti ìbéèrè tí ìwé náà kò dáhùn. Kò ní kún ojú ewé kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ìdí ni pé òpin ìtàn máa ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ní 1993, Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ki ọwọ́ bọ omi tútù tó ń dunni fún ìṣẹ́jú kan. Ní ìgbà mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ irú omi kan náà fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì fi ọwọ́ síbẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú sí i bí omi náà ṣe ń lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé èwo ni wọ́n fẹ́ tún ṣe, èyí tó pẹ́ jù ni ọ̀pọ̀ wọn mú, torí pé ìparí rẹ̀ sàn díẹ̀. Omi ni wọ́n fi dán an wò, wọn kò fi ìwé dán an wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń ka ìtàn àròsọ ọjọ́ pẹ́ yóò dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Òpin tó fa omijé lójú lè mú ká gbàgbé ọgọ́rùn-ún ojú ìwé tí kò lọ tí kò bọ̀. Òpin tí kò tẹ́ wa lọ́rùn sì lè mú ká fi ìbínú sọ pé ìwé kan kò dára, nígbà tó jẹ́ pé orí méjìlá nínú mẹ́tàlá ni a kà láìgbé ojú sókè.

Ẹ padà sínú ìwé náà

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò nìyí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ padà ṣí ìwé náà. Ẹ kò ní tún un kà látòkè délẹ̀. Ibi mẹ́rin péré ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́ ni ojú ìwé kìíní. Ẹ kà á sókè, ní báyìí tí ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sábà máa ń fi nǹkan síbẹ̀ tí ojú wa kò tó nígbà àkọ́kọ́: ilẹ̀kùn tí wọn kò tì, orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò fẹ́ dá, àga kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ti ní nǹkan gidi láti sọ nípa bí wọ́n ṣe hun ìtàn náà, láìtú àṣírí òpin rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí àárín gbùngbùn. Ẹ ṣí ìwé sí ìdajì, kí ẹ ka ojú ìwé mẹ́ta sí mẹ́rin. Àárín ni ó sábà máa ń rẹ ìtàn, nítorí pé ariwo ìbẹ̀rẹ̀ ti rọlẹ̀, òpin sì ṣì jìnnà. Ṣé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ìtàn yóò fi ṣubú bí a bá yọ ọ́? Ṣé àwọn ẹ̀dá ìtàn ń wá nǹkan, àbí wọ́n kàn jókòó, tí wọ́n ń sọ ohun tí a ti mọ̀ fún ara wọn?

Ibi kẹta ni ibi tí ìwé náà ti wọ̀ yín lára jù, ìkẹrin ni ibi tó ti sú yín. Ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín pé kí ni òǹkọ̀wé ṣe níbẹ̀ gan-an. Ṣé gbólóhùn rẹ̀ ló kúrú lójijì? Ṣé ó fo ọdún mẹ́wàá láìwí nǹkan? Ṣé ìtàkùrọ̀sọ ni, tí ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, tí a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n ń sọ? Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló ti rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kà á. Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀, kíkà lẹ́ẹ̀kejì ni yóò sì fi hàn, kí ẹ má baà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò jẹ̀bi.

Bí ẹ bá fẹ́ kí èyí rọrùn pẹ̀lú ìwé tó ń bọ̀, ẹ máa fi pẹ́ńsù fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí etí ojú ìwé, bí ìwé bá jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá yá a ni, ẹ máa kọ nọ́ńbà ojú ìwé sórí bébà kékeré tí ẹ fi ń sàmì ibi tí ẹ kà dé. Ní ti ìwé orí fóònù, ẹ kọ orí tí ó wà àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú gbólóhùn náà, torí pé ojú ìwé sábà máa ń yí padà bí ẹ bá sọ lẹ́tà di ńlá tàbí kékeré.

Kí ni òǹkọ̀wé dáwọ́ lé?

John Updike, tó kọ ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ, tó sì tún ṣe lámèyítọ́ ìwé àwọn ẹlòmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, to òfin díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1975 fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Èyí tó fi ṣáájú ni pé kí a kọ́kọ́ gbìyànjú láti mọ ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ ṣe, kí a má sì bá a wí pé kò ṣe ohun tí kò dáwọ́ lé. N kò mọ òfin mìíràn tó lè gba òǹkàwé lọ́wọ́ àṣìsọ tó èyí. Ẹni tó ka ìtàn tó ń rìn jẹ́jẹ́ nípa tọkọtaya arúgbó, tó wá ń ráhùn pé kò sí ìjà nínú rẹ̀, ìwé mìíràn ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń sáré kíjikíji, tó wá ń bínú pé wọn kò ṣe àpèjúwe òdòdó.

Ẹ má wá rò pé mò ń sọ pé kí a máa yin gbogbo ìwé o. Bí òǹkọ̀wé bá dáwọ́ lé ìtàn adẹ́rùbani, tí ẹ̀rù kò sì bà yín títí tó fi parí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rù ti yẹ kó bà yín àti ohun tó ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Bóyá asọ̀tàn ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà yóò yè é. Bóyá wọ́n fi ojú ìwé méjì ṣàpèjúwe ẹ̀mí òkùnkùn kan tó jẹ́ pé òjìji rẹ̀ lásán ìbá ti tó. Irú ìbáwí báyìí wúlò fún òǹkàwé, ó wúlò fún òǹkọ̀wé náà pẹ̀lú.

Ẹni tó ń sọ ìtàn àti àwọn tí ìtàn ń sọ nípa wọn

Ohùn tó ń sọ ìtàn lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó kọ ìwé. Láti 1929 sí 1930, lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ń jáde nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn I. B. Thomas. Obìnrin náà ń ròyìn ayé tó ti jẹ sẹ́yìn, ó ń kábàámọ̀, ó ń dárò. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tó jinlẹ̀ nìyẹn. Fún àwa tí a fẹ́ sọ èrò wa, ó yẹ kó mú wa ṣọ́ra. Bí asọ̀tàn kan bá ń gan àwọn obìnrin láti orí kìíní dé òpin, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìwé náà fẹ́ ká gbà á gbọ́ ni, àbí ó ti fi àmì sílẹ̀ pé ká má gbà á gbọ́. Ẹ wá ibi tí ohun tí asọ̀tàn sọ kò ti bá ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa mu. Bí ibẹ̀ bá wà, òǹkọ̀wé mọ ohun tó ń ṣe. Bí kò bá sí rárá, ìgbà yẹn ni ẹ lè bi òǹkọ̀wé léèrè.

Ní ti àwọn ẹ̀dá ìtàn, E. M. Forster, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun kan nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Cambridge ní 1927 tí ó ṣì wúlò títí dòní. Ó ní àwọn ẹ̀dá ìtàn kan wà tí gbólóhùn kan ṣoṣo tó láti fi ṣàlàyé wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n lè ṣe ohun tó yà wá lẹ́nu, síbẹ̀ tí a óò gbà pé àwọn gan-an ló lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ẹ mú ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta, kí ẹ gbìyànjú láti fi gbólóhùn kan ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn bá wọ inú gbólóhùn kan láìku nǹkan kan, ẹ ti rí ohun tí ẹ ó sọ. Kì í ṣe àléébù bí ó bá jẹ́ adènà tàbí aládùúgbò tó ń kọjá lọ. Irú wọn kò nílò ju gbólóhùn kan lọ, àwọn míì nínú wọn sì wà tí a kò lè gbàgbé.

"N kò fẹ́ràn obìnrin yẹn rárá" jẹ́ ìmọ̀lára tòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ẹ̀sùn sí ìwé. Ìkà lè jẹ́ ẹ̀dá ìtàn tí a mọ̀ jù nínú ìwé. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá lè sọ pé obìnrin yìí ṣe ohun kan ní orí kẹwàá tí orí mẹ́sàn-án tó ṣáájú kò múra wa sílẹ̀ fún.

Bí a ṣe ń kọ ọ́: àpẹẹrẹ kan

Ká sọ pé ìwé kan wà, èyí tí mo ro jọ fún àlàyé yìí, tó dá lórí télọ̀ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sọnù nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Lọ́dọọdún ni télọ̀ náà ń rán aṣọ kan fún ọmọ yìí, tó sì ń fi ìwọ̀n rẹ̀ kún un. Òǹkàwé kan parí ìwé náà, ó wá kọ báyìí:

"Ìwé yìí wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Òǹkọ̀wé náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìbànújẹ́. Ìdajì kejì kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kà á."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹgbẹ̀rún ìwé mìíràn láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ jẹ́ ká ní òǹkàwé kan náà padà sínú ìwé, ó yẹ ibi mẹ́rin yẹn wò, ó sì tún un kọ:

"Ọmọ télọ̀ kan sọnù kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, bàbá náà kò sì dẹ́kun rírán aṣọ fún un. Ohun tó mú mi ni pé òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí bàbá yìí sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní orí kẹrin, ó dúró pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, kò mọ bí èjìká ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣe ń fẹ̀ tó. Ló bá pe ọmọ aládùúgbò wọlé, ó wọn ọn, ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kékeré náà bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Mo ní láti pa ìwé dé díẹ̀ níbẹ̀. Láti orí kẹsàn-án ni ọlọ́pàá kan ti wọ inú ìtàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé aṣọ wọ̀nyẹn ni bàbá náà fi ń ṣọ̀fọ̀. A ti mọ̀ tipẹ́. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ojú ìwé, ọlọ́pàá yìí ni a ń tẹ̀ lé, a kò rí téèpù mọ́, a kò rí aṣọ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn tó ń fọwọ́ kan ìbànújẹ́ láìdárúkọ rẹ̀ yóò gbádùn ìdajì àkọ́kọ́ gidigidi. Ẹni tó bá fẹ́ tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà yóò ní láti ṣe sùúrù."

Ẹ wo ohun tó yí padà. Gbólóhùn kan péré ló fi sọ ohun tí ìtàn dá lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ọ̀rọ̀ wọn sọ ìtàn náà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi gbólóhùn kan sọ èrò wọn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn náà yóò ka ìwé fúnra rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ téèpù yẹn, ló ti dúró pẹ́. Ìyìn àti ìbáwí rẹ̀ bá ara wọn tan: ohun tó yìn ní orí kẹrin ni ó sọ pé ó sọnù láti orí kẹsàn-án. Nígbà tí ìyìn yín àti ìbáwí yín bá jáde láti ibì kan náà báyìí, a máa ń rí i pé ẹ ka ìwé náà dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà.

Bí ẹ bá láǹfààní rẹ̀, ẹ fa gbólóhùn kan tàbí méjì yọ nínú ìwé, bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, láìyọ kúrò, láìfi kún un. Kò sí àlàyé nípa ọnà èdè tó lè ṣe iṣẹ́ tí ohùn òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yóò ṣe. Kí ẹ sì yẹ orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó sọ ọ́ síta. Ẹni tó ti ka ìwé náà kì í gbà wá gbọ́ mọ́ bí a bá ti ṣi orúkọ pè.

Òpin ìtàn: ká sọ ọ́ ni àbí ká má sọ ọ́?

Ní 2011, Jonathan Leavitt àti Nicholas Christenfeld ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego fún àwọn èèyàn ní ìtàn kúkúrú méjìlá kà. Wọ́n ti sọ òpin rẹ̀ fún àwọn kan tẹ́lẹ̀, wọn kò sọ fún àwọn tó kù. Ní gbogbogbòò, àwọn tó ti mọ òpin gbádùn ìtàn jù díẹ̀. Àwọn kan ti wá ń fi èyí ṣe àwíjàre láti máa tú àṣírí gbogbo ìwé tí wọ́n bá kà. N kò fara mọ́ wọn. Ìtàn kúkúrú tí a lè kà tán níjòkòó kan yàtọ̀ sí ìwé tí ẹnì kan yóò gbé kiri fún oṣù kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó fẹ́ mọ òpin lè béèrè nígbàkígbà, ṣùgbọ́n ẹni tí a ti sọ ọ́ fún kò lè gbàgbé rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́.

Ohun tí mo máa ń tẹ̀ lé ni pé kí a má sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tó bá kọjá ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ ìwé láìkìlọ̀. Nínú àpẹẹrẹ télọ̀ yẹn, dídé ọlọ́pàá kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ bá wí nìyẹn, kò sì tú àṣírí kankan. Ẹ lè fi òye yọ̀ǹda irú rẹ̀ fún ara yín. Ní ti ìtàn ọ̀daràn àti ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ má yọ̀ǹda nǹkan kan. Ẹ má tilẹ̀ sọ pé "ẹ dúró kí ẹ rí òpin rẹ̀, ẹnu á yà yín", nítorí òǹkàwé tó bá gbọ́ ìyẹn yóò máa fura sí gbogbo ènìyàn láti ojú ìwé kejì. Bí ó bá di dandan kí ẹ sọ òpin, ẹ kọ ìkìlọ̀ sókè pátápátá, kí ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìràwọ̀ tí wọ́n ń fún ìwé, láti ọ̀kan dé márùn-ún, kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fún un, ẹ fún un, ṣùgbọ́n ẹ pinnu ohun tí mẹ́ta túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín, kí ẹ má sì máa yí i padà.

Ìwé tí wọ́n túmọ̀, ìwé tí a gbọ́, ìwé tí a kò kà tán

Bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀ ni ẹ kà, ẹ dárúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. D. O. Fagunwa tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká sì gbé ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1968. Ẹni tó bá ka ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ohùn ẹni méjì ló gbọ́ pọ̀, òǹkọ̀wé ńlá sì ni àwọn méjèèjì. Kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà sọ pé gbólóhùn kan tó dùn mọ́ òun, ti Fagunwa ni tàbí ti Ṣóyínká. Ohun tó lè sọ láìbẹ̀rù ni bí wọ́n ṣe to ìtàn, ohun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ṣe, àti bí ìtumọ̀ náà ṣe dún létí òun.

Ìwé àfetígbọ́ náà ní tirẹ̀. Ẹni tó kà á sókè lè mú kí ẹ̀dá ìtàn kan jọ òmùgọ̀ tàbí ọlọ́gbọ́n. Ẹ sọ pé ẹ gbọ́ ọ ni, kí ẹ sì gbìyànjú láti ka ojú ìwé díẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó dá ẹjọ́ gbólóhùn rẹ̀.

Ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí ẹ kò kà tán, n kò rí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹ bá sọ ibi tí ẹ ti dúró àti ìdí rẹ̀. "Mo dúró ní orí kẹfà, nígbà tí ẹ̀dá ìtàn kẹrìndínlógún dé tí n kò sì tíì mọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀" jẹ́ ọ̀rọ̀ tó wúlò púpọ̀. Ẹ má ṣáà sọ pé òpin rẹ̀ kò dára.

Láàárín àwọn òǹkàwé mìíràn

Bí ẹ bá péjọ láti sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ti kà á tán àti ẹni tí kò tíì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ tàbí òun kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ibì kan nínú ìwé tí kò kúrò lọ́kàn òun. Ẹ óò rí i pé àwọn tó kórìíra ìwé náà àti àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò mú ibì kan náà nígbà mìíràn. Ìjíròrò tó gbámúṣé máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Bí èrò yín àti ti ẹlòmíràn bá takora, ìbéèrè tó dára jù ni "Níbo lẹ ti rí i?" Ẹ bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, kó má dà bí ìfinidánwò. Ẹ jọ ṣí ibẹ̀, kí ẹnì kan kà á sókè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó rí ohun tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀. Ẹ bá ìwé wí, ẹ má bá ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wí. Ẹni tó sunkún lórí ìwé tí ẹ pè ní yẹpẹrẹ kò gọ̀. Ìwé náà bá nǹkan kan pàdé nínú ayé rẹ̀ tí kò sí nínú tiyín, bóyá ó sì lè sọ ọ́ fún yín bí ẹ bá fún un láyè.

Bí ẹ bá tún ìwé kan kà lẹ́yìn ọdún díẹ̀ tí èrò yín sì yí padà, ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ sí méjèèjì.

Ìwé ọ̀fẹ́ àti ìwé ọ̀rẹ́

Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà tí FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tún ṣe ní 2009 fẹ́ kí irú àjọṣe báyìí láàárín ẹni tó ń ta ọjà àti ẹni tó ń yìn ín hàn sí gbogbo ènìyàn. Níbikíbi tí ẹ bá wà, gbólóhùn kan péré ni yóò gbà yín.

Ti ọ̀rẹ́ ló nira jù. Ẹ sọ pé ọ̀rẹ́ yín ni. Ẹ yin ohun tó yẹ ní yíyìn, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tó wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ṣe fún àlejò. Bí ó bá bẹ̀ yín pé kí ẹ má sọ àléébù ìwé òun síta, ẹ jókòó tì í, ẹ ṣí ìwé náà láàárín yín, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un níkọ̀kọ̀ látorí ìkíní dé ìkẹyìn, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí kọ èyí tí gbogbo ayé máa kà.